Bí Bàbá Wa Ṣe Pín Agbábọ́ọ̀lù Bí Ẹran Iléyá

Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá ń wo bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á ní kí ni Màmá mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, èmi á máa ṣa ẹ̀wà mi lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí àwọn tí kíláàbù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé, tí wọ́n ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, etí mi á nà. Wọn kò mọ̀ pé inú ẹni tó mú àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn ni wọ́n ń kà. Ẹni tó mú márùn-ún tí yóò gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, tí kò mú ẹyọ kan tí yóò dí ẹ̀yìn, ó ti sọ fún yín pé òun fẹ́ràn ìyìn ju iṣẹ́ lọ. Ẹni tó lọ kó àwọn tí orókún ti ń dùn jọ nítorí pé orúkọ wọn ti dún rí, òun náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo mọ èyí kí n tó mọ a, b, d, nítorí pé ilé tí wọ́n ti ń pín agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi gan-an ló ń pín wọn, n kò sì tíì rí ẹni tó ń pín wọn burú bíi tirẹ̀ láti ìgbà náà.

Iṣẹ́ awọ ni iṣẹ́ ilé wa ní Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, kùmọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbì, gbì, gbì, lórí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ó rọ̀. Ìyàwó ilé kan á máa ṣépè fún adìyẹ tó jẹ ọkà rẹ̀, ọmọ kan á máa ké Kùránì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òórùn awọ á sì gba gbogbo imú débi pé a kì í mọ̀ bóyá ẹ̀kọ ti jinná àfi tí wọ́n bá pè wá. Iṣẹ́ tèmi ni láti pọn omi sínú ìkòkò tí wọ́n ti ń se èèpo ọkà bàbà, èyí tí wọ́n fi ń sọ awọ di pupa, ọwọ́ mi sì pupa títí dé ìgúnpá látọdún dé ọdún. Bàbá wa ń rán tìmùtìmù, ó ń rán àpò Kùránì, ó ń rán gàárì ẹṣin. Tí ọyẹ́ bá dé, yóò pa gbogbo rẹ̀ tì, yóò rán bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Rọ́bà inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rà. Bọ́ọ̀lù náà pupa, ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò rí róbótó. Ó gùn díẹ̀ lápá kan bí ìbẹ́pẹ, tí wọ́n bá sì gbá a síwájú, á kọ́kọ́ ronú ná, kó tó wá yà sí òsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàròyé, Bàbá wa á ní ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá yóò mọ ibi tó ń lọ. Òun ló ni bọ́ọ̀lù, nítorí náà òun ló ni ẹgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀.

Ipò ni ohun gbogbo nílé wa. Tí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, wọn á kó ẹran náà jọ sórí ewé ní àgbàlá, àgbà pátápátá á kọ́kọ́ mú, èyí tó tẹ̀ lé e á mú, bẹ́ẹ̀ ni wọn á ṣe máa mú un wálẹ̀ títí yóò fi kan àwa tí a ń ya awọ kúrò lára eegun. Èèyàn kì í sáré, èèyàn kì í tọ́ka. Ẹni tó bá ń pín kì í sì í kọ́kọ́ gbé ti ọmọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé ọ̀kánjúwà ni wọn yóò pè é. Ọmọ rẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn, kí gbogbo ayé lè rí i pé olóòótọ́ ni. Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí Bàbá wa, máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ tí wọ́n bá ń pín nǹkan, eyín rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ojú rẹ̀ kò sì fo ohunkóhun. Ó máa ń wí fún mi pé: "Ibi tí ọwọ́ èèyàn bá kọ́kọ́ lọ nínú àwo ni kí o máa wò. O ò ní í bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́."

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé ìyá wa wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ bí a ṣe ń pè é, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì jẹ́ Aládùúrà, èèyàn jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè àfi tó bá ń gbàdúrà. Òun náà ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Láàárín ilé wa àti ilé tiwọn, ọmọ ti pọ̀ débi pé a kò mọ ọmọ ta ni ta ni mọ́: àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ń kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́hùn-ún, àwọn ti Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọ́ṣẹ́ awọ lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ti fẹ́ ara wọn títí. Nítorí náà lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti mú, tí ìkórè ti tán, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ á wọ mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́, wọn á to gbogbo ọkùnrin tó lè sáré jọ lábẹ́ igi ọdán ní àgbàlá wa, àwọn àna méjèèjì á sì pín wọn: mú ọ̀kan, kí n mú ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá ti mú di ti ẹgbẹ́ yẹn, ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ náà ni yóò sì máa gbé títí di ọjọ́ ìdíje. Ohun tí wọ́n bá ti pín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un pín.

Ọdún tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni ọdún tí mò ń sọ yìí. Ìpín náà ti ṣojú mi rí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọdún náà ni mo wo ìpín pẹ̀lú àyà tó ń já, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi, Múráínà, ti tó láti dúró lábẹ́ igi ọdán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Tí wọ́n bá rán an níṣẹ́ lọ sí Akẹ̀sán, yóò ti padà kí itọ́ tó gbẹ, bọ́ọ̀lù ìbẹ́pẹ Bàbá wa yẹn kò sì lè yà sí òsì kó má bá a níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló ń dùn ún. Bàbá wa kì í pe orúkọ Múráínà àfi tí omi bá tán tàbí tí abẹ́rẹ́ bá sọnù. Múráínà sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpín pé tí Bàbá bá lè dúró níwájú gbogbo èèyàn kó ní "Fún mi ní Múráínà," òun ò ní í béèrè nǹkan kan mọ́. Mo bá a ṣe àmín.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ẹni tó fún ọ níyàwó kò kéré sí ọ láéláé, nítorí náà Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ní: "Àna mi, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ. Ẹ kọ́kọ́ mú." Bàbá wa gba ọ̀wọ̀ náà, ó tún agbádá ṣe léjìká, ó rìn yí àwọn èèyàn náà ká bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ẹni tó kọ́kọ́ mú ni Lámídì. Lámídì ga, ó sanra, ó ti bí ọmọ mẹ́ta, òun ló sì dàgbà jù nínú àwọn tó ń lu awọ. Tí Lámídì bá fẹ́ yí ara padà, ẹ máa ní láti bá a mú sùúrù. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kí i kú oríire, ó wá na ìka sí Jímọ̀, ọmọ tín-ínrín kan tó ń fi ẹsẹ̀ òsì ṣe gbogbo nǹkan. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì tí Bàbá wa mú ni Bàbá Táwà, pé kó máa ṣọ́ ojú ilé, nítorí pé ó ti pé ogójì ọdún, àgbà ló sì yẹ kó máa ṣọ́lé. Orókún Bàbá Táwà ń dún tó bá ń rúkúù nínú ìrun. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ mú Àkànní, aláriwo kan tí ìyá tó bí i ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbé ẹnu sinmi. Ẹnì kẹta tí Bàbá wa mú ni Sùlé. Sùlé kò mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí àgbọn, ṣùgbọ́n ọmọ baálé ilé ni, kò sì ṣeé fò.

Mo wo ojú Ìyá àgbà. Ó ń jẹ obì, ó ń mi orí. Mo bi í léèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ó ní ọmọ tí òun bí yìí ń pín ẹran. Ó ní ó ti mú itan, ó ti mú àyà, ó ti mú èyí tó jẹ́ ti baálé, kò sì tíì bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò sáré. Ó ní kí n wá wo àna rẹ̀: ó mú ẹni tí yóò gba òsì nítorí pé òsì ni bọ́ọ̀lù wa ń yà sí, ó mú aláriwo nítorí pé nínú pápá, ẹni tó dákẹ́ kò lè kìlọ̀ fún ẹnìkejì. Ó ní, "Ọ̀kan ń mú èèyàn. Èkejì ń mú iṣẹ́." Ibi tó sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ fi rọra ní kí wọ́n fún òun ní Múráínà.

Kùmọ̀ tó ń dún ní ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Bàbá wa yí padà bí ẹni tí wọ́n fa agbádá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ dáhùn. "Ọmọ àbúrò mi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ fò ó."

Bàbá wa ní òun kò fò ó, inú ilé ló wà, pé ta ló ń na ọwọ́ mú ohun tó ti wà nínú àpò rẹ̀, pé òun fẹ́ mú un gbẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ṣe ojúsàájú. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, kò sì sí èyí tó wúlò nínú rẹ̀. Ìyá wa, tó yẹ kó dá sí i, wo ọkọ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọlé lọ ro ọbẹ̀. Múráínà dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá wa náà, ó sì pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, ó ń retí kí wọ́n sọ nǹkan kan. Bàbá wa ń tún agbádá ṣe. Nígbà tí Múráínà ń ká ẹní rẹ̀, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń sunkún, ó ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ó dùn mí, ó sì dun òun náà. N kò ní í parọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe gbáradì ní Ọ̀yọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ Bàbá wa á pé sábẹ́ igi ọdán, àwa ọmọbìnrin á gbé ẹ̀wà wá, wọn á jẹ, wọn á wá jíròrò ẹni tí yóò dúró níbo. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé iwájú ni ibi ọlá, nítorí náà àwọn àgbà ni yóò wà níwájú. Wọ́n ní kí àwọn tó kéré wà lẹ́yìn, kí wọ́n máa gba bọ́ọ̀lù wá fún àwọn àgbà. Ẹnì kan béèrè pé tí àgbà bá gbá a nù ńkọ́. Wọ́n ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Láàárín kan, ìyá wa lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì mú ìròyìn bọ̀ pé ní Ògbómọ̀ṣọ́, àràárọ̀ ni wọ́n ń sáré yí oko ká, pé nínú pápá orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ara wọn, àgbà pẹ̀lú ọmọdé, àti pé ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹnìkan nítorí pé ó jù ú lọ yóò pọn omi kún gbogbo àmù ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá wa ká ọwọ́ lérí. Ó ní wọ́n ń ba ọmọ òun jẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a kó sínú mọ́tò láàárọ̀ kùtù, àgbà níwájú, ọmọdé lẹ́yìn, Bàbá wa gbé bọ́ọ̀lù tuntun lé itan. Ògbómọ̀ṣọ́ ni pápá náà wà, kò jìnnà sí Takie, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ ọjà. Mo rí Múráínà. Ó ti gùn sí i, tàbí kó jẹ́ pé ojú mi ló rí i bẹ́ẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ kí ìyá wa, ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá wa, ẹni tó dáhùn pé kó dìde, kó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìtìjú láyé, ṣùgbọ́n n kò rí irú ti ọjọ́ yẹn. Tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ ẹni tó kéré nínú ẹgbẹ́ wa, yóò wò yíká títí yóò fi rí ẹni tó dàgbà jù, yóò sì gbé e lọ fún un. Lámídì á gbà á, á mí, á dúpẹ́, Jímọ̀ á ti gbà á lọ. Nígbà kan, bọ́ọ̀lù bọ́ sí àárín Lámídì àti Sùlé; Lámídì ní kí ọmọ baálé gbá a, Sùlé ní rárá, ẹ̀gbọ́n òun ni Lámídì, wọ́n ń yọ̀ǹda fún ara wọn títí tí Àkànní fi wá gbé e kúrò láàárín wọn tí kò kí ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbá a wọlé, orókún Bàbá Táwà sì ń dún tẹ̀ lé e nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi gèlè bo ẹnu.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹsẹ̀ Múráínà. Ó gbé e kọjá ẹni kan, ó gbé e kọjá èkejì, ó ku òun àti Bàbá Táwà nìkan. Ìgbà yẹn ni Bàbá wa rìn wọ inú pápá pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ojú ilé, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀: "Múráínà. Èmi bàbá rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀."

Múráínà tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Mo wo Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ó kàn di ọwọ́ mú lẹ́yìn. Ìyá wa di apá mi mú títí ó fi ń dùn mí. Múráínà wo bàbá tó bí i, ó yẹ̀ kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé wa. Bàbá Táwà, tó jẹ́ àgbà gidi, fi ojú ilé sílẹ̀, ó na ọwọ́ pé kó dìde, Ọlọ́run á bù kún un. Múráínà dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Nígbà tí a fẹ́ wọ mọ́tò, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ mú Múráínà wá, ó ní ìdíje ti parí, kí Bàbá wa gba ọmọ rẹ̀. Múráínà dúró pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lábẹ́ apá. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló ń retí: ó yá, jẹ́ ká lọ. Bàbá wa ní ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù lójú bàbá rẹ̀ ti mọ ilé tó ń lọ. Ó gun mọ́tò, ó jókòó sí iwájú. Bí mọ́tò ṣe ń lọ, Múráínà ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹní rẹ̀. Inú bí mi sí Bàbá wa lọ́jọ́ náà, ó sì pẹ́ kó tó rọ̀. Ó lè má tíì rọ̀ tán. Nígbà tí a délé, kò sí Múráínà tí yóò bá a gbé bọ́ọ̀lù, kò sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e la àgbàlá kọjá níwájú gbogbo ilé. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ béèrè ẹni tó borí. Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo ọwọ́ tó gbé e, ó ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Múráínà kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá wa ló ń mú ìròyìn rẹ̀ bọ̀, Bàbá wa kì í béèrè, ṣùgbọ́n kì í kúrò níbi tí ìyá wa bá ti ń sọ ọ́; á máa fi abẹ́rẹ́ tí kò ní òwú nínú rán awọ. Ọdún yí po. Ọyẹ́ dé, bọ́ọ̀lù pupa tuntun dé, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ náà dé, wọ́n sì to àwọn èèyàn sábẹ́ igi ọdán. Múráínà bá ọ̀gá rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ ló dúró sí, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ tún ní kí àgbà kọ́kọ́ mú. Lọ́jọ́ náà Bàbá wa kò yí ẹnikẹ́ni ká, kò sì tún agbádá ṣe. Ohùn rẹ̀ kéré, mo sì mọ̀ pé ó ti ń wí i nínú ara rẹ̀ láti ọdún kan.

Ó ní, "Ẹ fún mi ní Múráínà."

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Múráínà bóyá yóò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n Múráínà ń wo ilẹ̀. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wá fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé, "Àna mi, kò sí láàárín àwọn tí à ń pín mọ́. A ti pín ìyẹn."

Bàbá wa nu ojú rẹ̀, ó ní ó dáa, kí wọ́n fún òun ní Lámídì.